Publica KP30: ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú ọkọ̀ mi gan-an, èwo sì ni kí n rà?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí. Mo ra Toyota Publica kan, KP30. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Àmì tí mo rí lára bílọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3K. Mẹkáníìkì mi ní irọ́ ni, 4K ni, òun dá ìró rẹ̀ mọ̀. Ó ti ń jẹ ọ́ìlì gan-an, mo sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní 2K lọ́wọ́, ó ní ó ṣọ̀wọ́n bí ojú, owó tó pè ju iye tí mo ra ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí kábúrétọ̀ lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ní 3K-B. Àwọn tó kù ní kí n fi 5K sí i kí ọkàn mi balẹ̀. Èwo ni kí n mú? Báwo ni mo tiẹ̀ ṣe máa mọ èyí tí mo ní? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹni tí mo bá bi ló ń sọ tirẹ̀.

* * *

Ìdáhùn:

Ẹ fi ẹ́ńjìnnì yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ wá àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀, ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, kí ẹ sì ka ohun tó wà níbẹ̀. Toyota àtijọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì pamọ́. Lẹ́tà tó ṣáájú nínú kóòdù ọkọ̀ ni ìdílé ẹ́ńjìnnì, èyí tó tẹ̀ lé e ni ìdílé ọkọ̀. KE10, Corolla àkọ́kọ́ ti 1966: K ni ẹ́ńjìnnì, E ni Corolla. TE27: T ni. AE86: A ni. Ti yín, KP30: K ni ẹ́ńjìnnì, P ni Publica. Ká ní UP30 ni ẹ bá níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì U là bá máa sọ, onísílíńdà méjì tí afẹ́fẹ́ ń tù, 790 cc, tí kò mọ rédíétọ̀ rí láyé rẹ̀.

KP30 máa ń bá 2K jáde ni, 993 cc. Nítorí náà, bóyá 3K ló wà nínú rẹ̀ o, bóyá 4K ni o, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde. Ẹnìkan ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ìyẹn kò ba ọkọ̀ yín jẹ́. Àmọ́ ó ti yí ìbéèrè yín padà: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì àbínibí lẹ fẹ́ yọ sọnù, ẹ́ńjìnnì tó wá ṣe àtìpó ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni nọ́ńbà tó ṣáájú K. Wọ́n rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Lọ́dọ̀ Toyota, ipò ìbí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. K lásán ló kọ́kọ́ dé, 1077 cc. 2K tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kéré sí i. 3K jẹ́ 1166, 4K jẹ́ 1290, 5K jẹ́ 1486. Nissan ló ń fi ìwọ̀n sọ ọmọ lórúkọ: A10 jẹ́ 988 cc, A12 jẹ́ 1171, A14 jẹ́ 1397, A15 jẹ́ 1488. Ẹni tó bá fi Sunny, ọkọ̀ Nissan, kọ́ iṣẹ́, tó wá fi ojú kan náà wo Corolla, yóò ṣì í kà. Mo ti rí i tí wọ́n ta 2K fún ẹni tó rò pé ó lágbára ju K lọ.

Ti lẹ́tà tó wà lẹ́yìn àmì-ìdàpọ̀: B túmọ̀ sí kábúrétọ̀ méjì, G túmọ̀ sí kámù méjì lórí tọ́ọ̀pù sílíńdà, E ni èyí tó ń fín epo dípò kábúrétọ̀, U ni èyí tí wọ́n so nǹkan mọ́ nítorí òfin èéfín ti Japan.

* * *

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti ń sọ fún un pé kí ó yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó ti wáyà tó le wọ inú sílíńdà, kí ó yí kránkì, kí ó wọn bí písítìnì ṣe rìn tó láti ìsàlẹ̀ dókè. Àbá náà kò burú, ṣùgbọ́n fún ìdílé K ní pàtàkì, ó lè tan ènìyàn ní ọ̀nà méjì.

Ọ̀kan ni pé ihò púlọ́ọ̀gì K kò dúró ṣánṣán. Ó dagun wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Wáyà tó bá dagun kò lè sọ òótọ́ nípa ohun tó ń lọ sókè-sódò. Bí ẹ bá rí mìlímítà 69, ṣé 66 ni àbí 73? Iyàn yín á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo ìwọ̀n wọn: 2K, ẹnu sílíńdà fẹ̀ ní mìlímítà 72, písítìnì ń rin 61. K, 75 àti 61. 3K, 75 àti 66. 4K, 75 àti 73. 5K, 80.5 àti 73. Ìrìn 2K àti ti K dọ́gba. Ẹnu K, 3K àti 4K dọ́gba. Ìrìn 4K àti 5K dọ́gba. Ẹni tó wọn ọ̀kan ṣoṣo kò tíì wọn nǹkan kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ní méjèèjì lọ́wọ́ kí ẹ tó dárúkọ ẹ́ńjìnnì.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà ni kí ẹ tú. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì ni, wọ́n á sáà tú u bópẹ́bóyá. Ẹ fi kalípà wọn ẹnu rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ní gígùn bílọ́ọ̀kì àti ní ìbú rẹ̀, nítorí sílíńdà tó ti jẹ kì í yípo dọ́gba mọ́. Kí ẹ wá ti kalípà náà wọlé lóòró láti fi mọ ìrìn písítìnì. Ẹ wo orí písítìnì náà dáadáa. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ sílíńdà rí, ẹ ó sábà rí 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 tí wọ́n lù sí i lórí, ìyẹn iye mìlímítà tí wọ́n fi fẹ̀ ẹ́ sí i. 2K tí wọ́n ti gbẹ́ dé 1.00 yóò fẹ̀ ní 73. Kò ní dé 75 láéláé, nítorí náà ẹ kò lè ṣì í mú fún K.

Ẹni tó ní òun fi etí mọ 4K, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Etí dára fún tápẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀ àti bẹ́rìǹgì tó ń kan. Àmọ́ èyí tó wà láàárín 1166 àti 1290, sàlẹ́ńsà tó lu lásán ti tó láti pa á dà létí.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé ṣé nọ́ńbà tí wọ́n lù sára bílọ́ọ̀kì kò tó ni. Ó yẹ kí ó tó. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí mo fi san owó 4K tí mo sì tú u, tí mo bá písítìnì tó ń rin mìlímítà 66. 3K ni. Ẹni tó tà á ti fi òkúta ìlọrin lọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó wá lu tirẹ̀ sí i. Owó yẹn kò padà wá, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì ń dùn mí títí di òní, torí pé bí mo bá fara balẹ̀ wo ojú irin náà ni, ǹ bá ti rí i.

Ohun tó yẹ kí n wò nìyí. Ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń lu nọ́ńbà sí ní ilé iṣẹ́ ti gba abẹ irin, ó sì máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ojú irin tó yí i ká. Bí ibẹ̀ nìkan bá ń dán, tàbí tó jìn díẹ̀, tàbí tí ìlà wẹ́wẹ́ náà kò sí mọ́, ẹ béèrè. Bí nọ́ńbà bá wọ́, tí ọ̀kan jìn tí èkejì kò jìn, ẹ béèrè. Kí ẹ sì mọ̀ pé lẹ́tà méjì ló lè wà lára bílọ́ọ̀kì: èyí tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ irin, tó yọ síta, àti èyí tí wọ́n fi òòlù lù, tó wọnú. Èyí tó yọ síta kò ṣeé lù. Bí méjèèjì bá ń sọ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀, èyí tó yọ síta ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ṣì ní ìwé rẹ̀ láti Japan, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ wọn, shakenshō, ní àyè tí wọ́n ń kọ irú ẹ́ńjìnnì sí, ó sì ní àyè tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹ̀rí tó dára ni.

* * *

A ti yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè nípa ọkọ̀ tó ní “ẹ́ńjìnnì 360” ní ìdáhùn lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn yẹn kò tíì sọ nǹkan kan. Òfin Japan ló ní kí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kei má kọjá 360 cc, títí wọ́n fi sún un sí 550 ní 1976, tí wọ́n tún wá sún un sí 660 ní 1990. Nítorí náà gbogbo ilé iṣẹ́ rọ́ sídìí ààlà kan náà. Ẹ kọ́kọ́ ka púlọ́ọ̀gì. Subaru 360 ní méjì, 356 cc, ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni. Honda N360 náà ní méjì, 354 cc, ṣùgbọ́n ó ní fáàfù àti kámù bíi ti ọkọ̀ ńlá. Mazda R360 ní méjì tó ya bíi lẹ́tà V. Suzuki Fronte ti 1967 ní mẹ́ta. Mazda Carol ní mẹ́rin, sílíńdà mẹ́rin nínú 358 cc! Ẹ fojú inú wo písítìnì rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ́ìlì-pọ̀-mọ́-epo sínú ti Honda, tàbí ẹ fi epo lásán sínú ti Subaru tó jẹ́ pé ẹnu epo yẹn ló ń gba ọ́ìlì, ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ “ó ṣọ̀wọ́n”. Èmi àti ọ̀pọ̀ yín kò ní gbà fún ara wa níbí.

Ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì tó bá ṣọ̀wọ́n, kí ènìyàn rà á kí ó tó tán nílẹ̀. Èmi ní kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa fi tún un ṣe. Ẹ wo 13A ti Mazda, ẹ́ńjìnnì rọ̀tárì (èyí tí rọ́tọ̀ onígun mẹ́ta ń yí nínú rẹ̀ dípò písítìnì) 1310 cc tí wọ́n fi sínú Luce Rotary Coupé láàárín 1969 àti 1972. Ẹni tó bá gbọ́ 13A á rò pé ẹ̀gbọ́n 13B ni, 13B sì jẹ́ 1308 cc. Cc méjì péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n rọ́tọ̀ 13A tóbi ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, mìlímítà 120 láti àárín dé ṣóńṣó, nígbà tí 10A, 12A àti 13B jẹ́ 105. Ilé rẹ̀ kò bá ti ìkankan mu. Ọkọ̀ tó wà fún sì jẹ́ èyí tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀. Bí síìlì rọ́tọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ kò lè yá ti aládùúgbò.

Tàbí Honda S600, 606 cc, kámù méjì, kábúrétọ̀ mẹ́rin, tó ń sáré kọjá ìyípo 8500 ní ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì yẹn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kránkì rẹ̀ jókòó lórí bẹ́rìǹgì onírọ́là tín-ín-tín, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ ni. Kò sí pé ẹ máa ṣí sọ́ǹpù kí ẹ pààrọ̀ bẹ́rìǹgì àwẹ́ méjì. Àfi kí ẹ rí ẹni tó lè tú kránkì náà, tó sì lè tò ó padà kó gún régé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀kan. Wọ́n wo gééjì ọ́ìlì rẹ̀, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti kú torí pé gééjì kò gòkè. Bẹ́rìǹgì onírọ́là kò nílò agbára ọ́ìlì tó ga. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ti tú u kí n tó gbọ́, kò sì rí ẹni tó lè tò ó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

2K kò burú tó ìyẹn rárá. Ìdílé tó pọ̀ ló ti wá, ohun tó pọ̀ lára rẹ̀ ló bá ti K yòókù mu. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ẹnu sílíńdà: písítìnì 72 àti ríìngì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ìyẹn. Bí ẹ bá rí wọn rà, ẹ lè máa bá olówó iyebíye yẹn dúnàádúrà. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ óò kàn máa wo bílọ́ọ̀kì ni.

Ti 3K-B: kí ló mú un yàtọ̀ ní ìta? Kábúrétọ̀ méjì àti mánífóòdù tó gbé wọn. Mo ti rí “3K-B” tó wá pẹ̀lú kábúrétọ̀ kan ṣoṣo. Lójú tèmi, B rẹ̀ ti lọ. Ẹ má san owó B fún un.

* * *

Olùbéèrè:

Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an. A tú tọ́ọ̀pù sílíńdà lánàá. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ 75.5 ní ìbú, ó sì fi díẹ̀ dín ní gígùn. Písítìnì rin 66. Mo rí 0.50 lórí gbogbo wọn. Mẹkáníìkì mi fọwọ́ lérán, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwo irin náà wà níbẹ̀, KP30 ni lóòótọ́. Àwọn kan tún pè mí pé 5K náà ni.

* * *

3K ni, tí wọ́n ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà yín kò parọ́. Ẹ bá mi kí mẹkáníìkì yín, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló tú u tí a fi mọ̀.

Ẹ̀yin ará 5K, mo gbọ́ yín. Wọ́n lò ó nínú ọkọ̀ LiteAce, wọ́n lò ó nínú fọ́kílífúùtì, nítorí náà ó ṣì wà nílẹ̀, ohun èlò rẹ̀ sì ṣì ń jáde. Ó máa dè mọ́ gíáàbọ́ọ̀sì ìdílé K. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ kì í fi kún un ni pé èyí tó bá wá láti ara fọ́kílífúùtì máa ń ní gọ́fánọ̀ tí kò ní jẹ́ kó sáré, kábúrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ ojú títì. Ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú, ẹ tún wá ń wá mánífóòdù, kábúrétọ̀ àti dísíríbútọ̀ kiri. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 993 cc ni wọ́n ṣe bíréèkì KP30 fún. Ẹni tó bá fi 1486 sí i kò gbọ́dọ̀ fi bíréèkì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, n kò sì tíì rí ẹnì kan nínú yín tó mẹ́nu kan bíréèkì látàárọ̀.

Kò sì sẹ́ni tó ń lé KP30 yín. Ìtàn ẹ́ńjìnnì K fúnra rẹ̀ ti kún fún eré ìje tó. Sunny dé ní 1966 pẹ̀lú 988 cc. Toyota tó ń ṣe Corolla lọ́wọ́ fi ti wọn kún 1077 kí wọ́n tó gbé e jáde lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sì fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún cc tó lé yẹn polówó ọjà. 2K ni èyí tí wọ́n tún fà sẹ́yìn sábẹ́ 1000 nígbà tó yá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí KP30 tó bá ṣeé ṣe fún padà sí 2K rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò ní kó jẹ́ lóṣù yìí.

Fún oṣù yìí, 3K tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tún ṣe. Ó wà ní 0.50. Ẹ ṣì lè gbẹ́ ẹ lọ sí 0.75 tàbí 1.00 bó bá gba bẹ́ẹ̀. Mo ní bó bá gba bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ kò tíì sọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ. Ṣé ó máa ń tú èéfín búlúù nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án láàárọ̀, tó sì máa ń dáwọ́ dúró? Rọ́bà ìdí fáàfù nìyẹn, owó kékeré ni. Ṣé ó ń tú u nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ ẹ́? Ríìngì àti sílíńdà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

* * *

Olùbéèrè:

Nígbàkúùgbà ni, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ ló burú jù. Ọ̀gá, ẹni tó ní 2K ní òun kò ní tú tọ́ọ̀pù sílíńdà fún ẹnikẹ́ni, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á bàjẹ́. Ó ní kí n gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́.

* * *

Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò lè tó ìdá kan nínú ogún owó tó pè. Ẹ sọ fún un pé ẹ óò rà á fún un. Bí kò bá gbà, ẹ ní kó yọ púlọ́ọ̀gì kan, kí ẹ fi kámẹ́rà olókùn tín-ín-rín wo orí písítìnì, bóyá ó ní àmì. Bí kò bá tún gbà ìyẹn, kí Ọlọ́run fún un ní oníbàárà mìíràn. Ẹni tó ní 2K tòótọ́ lọ́wọ́ kò ní ìdí kankan láti bẹ̀rù mìlímítà 72.

Ẹni tó ní 3K-B, ẹ bi í bóyá ó lè ta kábúrétọ̀ méjèèjì àti mánífóòdù wọn nìkan. Ẹ́ńjìnnì 3K lẹ ní nílẹ̀, ó máa gbà wọ́n. Ẹ rí i pé ọ̀pá tó so kábúrétọ̀ méjèèjì pọ̀ wà níbẹ̀. Òun ló máa ń sọnù jù.

Kí mẹkáníìkì yín tó gbé bílọ́ọ̀kì lọ fún gbígbẹ́, kí ó da kẹrosíìnì sórí fáàfù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan níbi tí tọ́ọ̀pù sílíńdà ti dojú dé, kó wò ó bóyá ó ń jò, kí ó sì mi ọ̀pá fáàfù nínú ihò rẹ̀. Kí ó wá wọn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, ní gígùn àti ní ìbú. Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan fún ẹni tó ń gbẹ́ irin, a ó jọ wò ó bóyá 0.75 ló máa gbà àbí ríìngì tuntun nìkan.